Àwọn Ọ̀gá Nọ́ọ̀sì Tí Ń Ṣọ́ Èémí

Ní òru ọjọ́ kan, nígbà tí mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì níwájú iyàrá tí wọ́n ń pè ní ICU ní ilé ìwòsàn kan, níbi tí àbúrò ìyá mi ti wà lára àwọn tí àìsàn wọn ti di kí Ọlọ́run ṣàánú, iná mànàmáná ṣàdédé lọ. Kí jẹnẹrétọ̀ tó dún, mo gba ojú dígí ẹnu ọ̀nà rí sísítà tí ó jẹ́ ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì lóru náà, obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí kò sáré, tí kò sì pariwo, tí ó ti fa àpò rọ́bà kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn àbúrò ìyá mi, tí nọ́ọ̀sì kékeré kan ń tan tọ́ọ̀ṣì sí i, tí òun sì ń fi ọwọ́ fún àpò náà, tí ó ń tú u sílẹ̀, tí ó ń kà á jẹ́ẹ́ lẹ́nu, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń bá màmá náà mí ti dákẹ́. Nígbà tí iná dé, tí ẹ̀rọ náà sì tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sísítà fi ọwọ́ kan iwájú orí màmá náà, ó ní, “Màmá, iná ti dé o. Ẹ má bẹ̀rù.” Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí màmá náà ti lajú kẹ́yìn.

Ohun tí sísítà yìí fi ọwọ́ ṣe ni orísun ICU gan-an. Ní ọdún 1952, nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ jà ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, débi pé ọ̀pọ̀ ẹni tí ó mú kò lè dá mí mọ́, oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Bjørn Ibsen ní kí wọ́n lu ihò sí ọ̀fun ọmọbìnrin ọlọ́dún 12 kan, kí wọ́n sì máa fi ọwọ́ fún àpò tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ọmọ náà yè. Bí wọ́n ṣe kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jọ rẹpẹtẹ nìyẹn, tí wọ́n ń fún àpò tọ̀sán tòru lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì, tí ikú sì rọwọ́. Ní ọdún 1953, Ibsen dá iyàrá kan sílẹ̀ fún irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ nìkan.

Ẹ̀rọ ti gba iṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn báyìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́ orí. Ojú náà ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì fi ń ṣọ́ gbogbo orí tí ó wà ní abẹ́ òrùlé rẹ̀. Bí ó bá ti gba iṣẹ́, yóò rìn láti ibùsùn dé ibùsùn, yóò wo ìtọ̀ tí a ń wọ̀n ní wákàtí wákàtí, yóò gbé aṣọ sókè wo ẹ̀yìn ẹni tí a gbọ́dọ̀ máa yí ní wákàtí méjì méjì kí ara rẹ̀ má bàa di egbò, yóò ṣí dúrọ́ọ̀ òògùn pàjáwìrì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, yóò sì wò ó bóyá ọ́síjìn tí ó wà nílẹ̀ yóò dé òwúrọ̀. Òun ni í mọ nọ́ọ̀sì tí yóò fi ti aláìsàn tí ó le jù, àti èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́ tí òun fúnra rẹ̀ yóò dúró tì, nítorí pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí gbogbo òǹkà tí ó wà lójú ẹ̀rọ bá dára, tí ara aláìsàn kò sì dá a lójú, yóò pe dókítà láàárín òru, yóò ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde wá wò ó.” Ọ̀pọ̀ ẹni tí ń rìn láàárín wa lónìí ni irú ìpè bẹ́ẹ̀ gbà là.

Bí a bá ń ka àwọn ọ̀gá nọ́ọ̀sì ní ilẹ̀ wa, ọ̀dọ̀ Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt, ọmọ Èkó, ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe, nítorí pé bàbá rẹ̀ kò fẹ́ kí ó ṣe nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ kò kúrò níbẹ̀. Ní 1946 ó wọ ilé ẹ̀kọ́ tí Florence Nightingale dá sílẹ̀ ní 1860 ní ilé ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí aláìsàn kan ti kọ̀ kí ó fi ọwọ́ kan òun nítorí àwọ̀ ara rẹ̀. Ó fara dà á, ó sì yege. Nígbà tí ó padà wálé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn títí ó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó jẹ mátírọ̀nì níbẹ̀, ó di ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì ìjọba àpapọ̀, àwọn Red Cross sì fi àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá ní 1973. Òótọ́ ni pé gbogbo wọ́ọ̀dù ni ó ṣe olórí, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó là ni àwọn sísítà ICU wa ń tọ̀. Orúkọ rẹ̀ sì rò ó: kò fi owó ra ọlá.

Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Pratt ti lọ kọ́ iṣẹ́ náà, ìlànà ni pé kí nọ́ọ̀sì kan dúró ti aláìsàn kan tí ẹ̀rọ ń bá mí, kí ọ̀gá wọn má sì ní aláìsàn tirẹ̀, kí ó lè fojú tó gbogbo iyàrá. Ọ̀pọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì wa ti lọ síbẹ̀, èmi kò sì bá wọn wí. Àwọn tí ó kù nílé ni ó ń dun mí, tí wọ́n ń ṣe iṣẹ́ ẹni tí ó lọ mọ́ tiwọn, tí àwa sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà lórí rédíò láì mọ orúkọ sísítà. Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni.

Ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ ìbí Nightingale, ni ọjọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ní gbogbo àgbáyé, ṣùgbọ́n ẹ má dúró dìgbà náà. Bí wọ́n bá dá ènìyàn yín padà fún yín láàyè, ẹ béèrè orúkọ ọ̀gá nọ́ọ̀sì tí ó ṣọ́ ọ lóru, kí ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà, kí ẹ sì fi lẹ́tà náà ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn rẹ̀. Mo ti kọ tèmi.