Ta Ni Yóò Rántí Bí Orúnkún Yín Ti Rí Lóṣù Tó Kọjá?

Lẹ́tà kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti Ṣakí, láti ọ̀dọ̀ ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fisiotẹ́rápì, èyíinì ni iṣẹ́ títọ́jú apá, ẹsẹ̀ àti ẹ̀yìn tí kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Ó fẹ́ ṣí ilé ìtọ́jú tirẹ̀, yàrá méjì péré, ó sì béèrè pé: “Ẹ jọ̀wọ́ sà, ètò kọ̀ǹpútà wo ni kí n rà tí n ó fi máa kọ àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn mi? Oníṣòwò mẹ́ta ti wá bá mi, olúkúlùkù ló ní tòun ló dára jù.” À bá ti dá a lóhùn ní ìkọ̀kọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kan gbogbo ilé tí ó ní bàbá tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀, tàbí ọmọ tí ọ̀kadà gbé ṣubú. Ìdí nìyí tí a fi gbé e wá sí ojú ìwé yìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣubú, egungun itan rẹ̀ kán. Nígbà tí egungun jinná tán, orúnkún kọ̀, kò ká mọ́. Ó ń lọ sí ilé ìtọ́jú kan tí n kò ní dárúkọ, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, fún oṣù mẹ́rin. Ọkùnrin tí ń tọ́jú rẹ̀ a máa tẹ ohun gbogbo sínú kọ̀ǹpútà. Ó ṣe, ọkùnrin náà gba ìlú òyìnbó lọ. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ẹni tí ó ni ilé ìtọ́jú kò san owó ọdọọdún tí wọ́n ń san lórí ètò náà, ni àwọn tí ó ni ín bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa. Ẹni tuntun tí ó gba iṣẹ́ bi ẹ̀gbọ́n mi pé, “Mọ́mì, ẹsẹ̀ wo ló ń dùn yín?” Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin! Irú eré ìdárayá kan wà tí ó ti mú orúnkún náà wú tẹ́lẹ̀, tí wọ́n sì ti dá a dúró. Ẹni tuntun kò mọ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, orúnkún tún wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n mi fi jókòó sílé pẹ̀lú ìbínú.

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì kò dà bí abẹ́rẹ́ tí a gún lónìí tí ibà fi lọ lọ́la. Díẹ̀díẹ̀ ni. Wọ́n ní ike kékeré kan tí wọ́n fi ń wọn bí oríkèé ara ti ń ká tó. Orúnkún tí ó dá ṣáṣá a máa ká tó nǹkan bí dígírì 135. Bí ti aláìsàn bá ká dé 60 lọ́sẹ̀ yìí, tí ó sì dé 65 lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀, ojú lásán kò lè rí i, aláìsàn fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀. Agbára iṣan, láti 0 dé 5 ni wọ́n ń kà á. Ìrora, láti 0 dé 10. Bí a kò bá kọ àwọn iye wọ̀nyí sílẹ̀, kí a sì fi wọ́n han aláìsàn, yóò rò pé òun kàn ń ná owó ọkọ̀ lásán ni. Ẹni tí ó ń ti Ìgbẹ̀tì tàbí Kíṣí wọkọ̀ wá sí Ṣakí kò ní pẹ́ dá wíwá dúró.

Kí ni ó wá yẹ kí àkọsílẹ̀ náà ní nínú? Dókítà Amẹ́ríkà kan, Lawrence Weed, ni ó kọ́ ayé ní ọ̀nà kan tí ó lókìkí ní nǹkan bí 1968: ohun tí aláìsàn sọ, ohun tí olùtọ́jú fojú rí tí ó sì wọ̀n, ohun tí olùtọ́jú rò pé ó fà á, àti ohun tí wọn yóò ṣe. Mẹ́rin péré. Ètò tí kò bá fi àyè sílẹ̀ fún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí arábìnrin wa má wulẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Níbí ni mo ti ní ìjà díẹ̀ pẹ̀lú àwọn oníṣòwò. Púpọ̀ nínú àwọn ètò tí wọ́n ṣe fún fisiotẹ́rápì ní Amẹ́ríkà, nítorí àtigba owó lọ́wọ́ iléeṣẹ́ adójútòfò ni wọ́n ṣe tò wọ́n bẹ́ẹ̀. Wọn yóò béèrè nọ́ńbà adójútòfò lọ́nà mẹ́fà, wọn kò ní béèrè iṣẹ́ tí aláìsàn ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹni tí ó jókòó sídìí òfì ní Ìsẹ́yìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn rẹ̀ kì í ro bíi ti ẹni tí ó tẹ̀ ba tí ń kọ ebè iṣu lóko Ṣakí. Bí a kò bá kọ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, báwo ni a ó ṣe mọ ìgbà tí ó lè padà sídìí rẹ̀?

Ti owó ńkọ́? Ètò tí wọ́n dá iye lé ní dọ́là, kí ó ṣọ́ra fún un. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà 2023, dọ́là kan kò ju nǹkan bí 460 náírà lọ ní báǹkì; nígbà tí yóò fi di oṣù kejì 2024, ó ti kọjá 1,400. Ẹni tí ó fọwọ́ sí ìwé dọ́là ṣáájú ìgbà yẹn mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ètò ọ̀fẹ́ wà: OpenMRS, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Áfíríkà sì ń lò. Ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ ẹni tí ó mọ kọ̀ǹpútà dunjú tí yóò gbé e kalẹ̀, owó onítọ̀hún kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́. Nílé wa níbí pẹ̀lú, Yunifásítì Ifẹ̀ àti ilé ìwòsàn rẹ̀ bá Yunifásítì Kuopio ní Fínlándì ṣiṣẹ́ pọ̀ láti 1989, ohun tí ó sì jáde nínú rẹ̀ ni ètò tí wọ́n pè ní MINPHIS. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú rẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe é wà nítòsí àwọn tí ń lò ó.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwé ṣe yẹ̀yẹ́ lójú yín. Ní Imesi-Ilé, ní apá Iléṣà, ní òpin àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley fún àwọn ìyá ní káàdì tí a ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí, pé kí wọ́n máa tọ́jú rẹ̀ sílé fúnra wọn. Àwọn ìyá tọ́jú rẹ̀, káàdì náà sì tàn ká ayé. Bí a gúnyán nínú ewé, tí a sebẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó.

Nítorí náà, ọmọ mi ní Ṣakí, bí oníṣòwò bá dé, ní kí ó pa íntánẹ́ẹ̀tì níwájú rẹ, kí ó wá kọ àkọsílẹ̀ aláìsàn kan. Bí ètò náà bá dákú, ó ti dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, nítorí ẹ̀ẹ̀rùn tàbí òjò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ní ṣe tìẹ. Bi í pé: “Bí n kò bá sanwó mọ́, ṣé mo lè kó gbogbo àkọsílẹ̀ mi jáde, kí n sì tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé?” Kí ó ṣe é lójú rẹ, kí ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú ìwé àdéhùn. Ra sólà kékeré kan tí yóò gbé kọ̀ǹpútà náà kí o tó ra ètò olówó ńlá. Kí olúkúlùkù òṣìṣẹ́ ní ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì ya fọ́tò àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ṣakí kò tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí alága ẹgbẹ́ sọ fún ọ nípa ìtọ̀ tí kò lè dá dúró lè ṣáájú rẹ̀ délé. Òfin Ìlera ti 2014 pàṣẹ kí ilé ìtọ́jú máa kọ àkọsílẹ̀, kí ó sì pa àṣírí aláìsàn mọ́. Òfin Ààbò Ìsọfúnni ti 2023 sì tún fi ìdè kún un.

Ẹ̀yin aláìsàn àti ará ilé wọn náà, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Bí dókítà bá ní kí bàbá lọ sí Ìbàdàn, ẹ má kúrò láìgba ìwé kan ṣoṣo tí ó sọ ibi tí bá a dé: dígírì mélòó, agbára mélòó, eré ìdárayá wo ni ó ràn án lọ́wọ́, èwo ni ó pa á lára. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá.

Kí arábìnrin wa fi ìwé ńlá kan bẹ̀rẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, kí ó mọ ohun tí òun ń kọ gan-an. Lẹ́yìn náà ni kí ó dán ètò méjì wò pẹ̀lú ogún aláìsàn, kí ó tó san kọ́bọ̀. A ó retí lẹ́tà rẹ̀, kí a lè gbọ́ èyí tí ó mú.