Orúkọ tí a Sọ Akẹ́kọ̀ọ́ Ìmọ̀ Ìròyìn

Ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni, síbẹ̀ nínú ọgbà àwọn yunifásítì ilẹ̀ wa, àwọn ọmọ kan wà tí ayé ti sọ lórúkọ láìwo ilé wọn rárá. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ni wọ́n ń pè ní olórí pípé. Ti òfin ni ọmọ tí yóò di ẹni ńlá. Ti ìmọ̀ ẹ̀rọ ni alákíkanjú tí kì í sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ìròyìn, tí gbogbo ọgbà mọ̀ sí Mass Comm, ohùn a yí padà. Wọn a ní aláriwo ni. Wọn a ní aṣọ àti àtíkè ni ó mọ̀, kò mọ ìwé. Wọn a ní òfin ni ó fẹ́ kọ́ tẹ́lẹ̀, máàkì rẹ̀ ni kò tó. Wọn a ní ẹnikẹ́ni tí ó bá ti lẹ́nu ni ó lè kọ́ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí á wá yẹ ilé náà wò, kí á mọ ibi tí orúkọ yìí ti wá, ohun tí ó wà nínú ilé ní tòótọ́, àti ohun tí orúkọ náà ń bà jẹ́.

ÈRÒ ÀDÀKỌ

Irú orúkọ báyìí ni a lè pè ní èrò àdàkọ: èrò tí ènìyàn kò fi ara rẹ̀ rò, tí ó kàn dà á kọ láti ẹnu ẹlòmíràn. Stereotype ni àwọn Òyìnbó ń pè é, inú iṣẹ́ ìtẹ̀wé gan-an ni wọ́n sì ti yá ọ̀rọ̀ náà. Láyé àtijọ́, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ni òǹtẹ̀wé ń tò títí ojú ìwé yóò fi pé. Bí ó bá fẹ́ tẹ ojú ìwé náà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún, yóò tẹ ohun rírọ̀ kan mọ́ àwọn lẹ́tà náà kí ó lè gba àwòrán wọn. Bí ó bá gbẹ, yóò da òjé yíyọ́ sí i. Bí òjé náà bá dì, ó di àwo kan ṣoṣo. Àwo yìí a máa tẹ̀wé kíákíá, ṣùgbọ́n a kò lè yọ lẹ́tà kan ṣoṣo nínú rẹ̀ mọ́. Bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, gbogbo ẹ̀dà ni yóò gbé e. Ní ọdún 1922, Walter Lippmann, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, lo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ tí ń jẹ́ Public Opinion, fún àwòrán tí ènìyàn ti ní lọ́kàn nípa ẹlòmíràn kí ó tó fojú kàn án.

Irú èyí wà láàrin Yorùbá náà. Àwọn Ìjẹ̀ṣà tí ń ta aṣọ láwìn kiri ìlú ni a ń pè ní Òṣómàáló, nítorí pé wọn a lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà ajigbèsè, wọn kì í sì í dìde títí yóò fi san owó. Orúkọ iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn ẹlòmíràn sọ ọ́ di orúkọ ìwà, bí ẹni pé gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà, ìbáà ṣe àgbẹ̀, ìbáà ṣe olùkọ́, ni kò mọ̀ ju owó lọ. Gbogbo alángbá ni ó dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Ẹni tí ó bá ń ro èrò àdàkọ kì í dúró wo alángbá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

IBI TÍ ORÚKỌ NÁÀ TI WÁ

Gbòǹgbò kìíní ni pé iṣẹ́ ìròyìn dàgbà ju ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ. Ní ọdún 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn ní Abẹ́òkúta. Ó di ọdún 1961 kí Yunifásítì Nàìjíríà ní Nsukka tó dá ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ìròyìn sílẹ̀, tí a fi orúkọ Jackson ti ìwé ìròyìn Lagos Weekly Record pè. Yunifásítì Èkó tẹ̀ lé e ní nǹkan bí ọdún 1966. Fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹnu iṣẹ́ ni àwọn akọ̀ròyìn ti ń kọ́ iṣẹ́, bí ọmọ alágbẹ̀dẹ ti ń kọ́ tirẹ̀ lẹ́bàá ẹwìrì. Ẹnu iṣẹ́ ni Lateef Jákáńdè ti di olóòtú Nigerian Tribune, tí ó sì di gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti ọdún 1979 títí di 1983. Kò yani lẹ́nu, nígbà náà, bí àgbàlagbà bá bèèrè pé kí ni a ń fi ọdún mẹ́rin kọ́ nínú ohun tí àwọn aṣáájú fi ojú kọ́.

Gbòǹgbò kejì ni pé òpin iṣẹ́ náà nìkan ni ayé ń rí. Ẹni tí ó ń mu ògì láàárọ̀ kò rí ẹni tí ó dìde lóru láti sẹ́ ẹ. Ẹni tí ó jókòó ti rédíò gbọ́ ìròyìn ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní ohùn ọmọ náà dùn. Kò mọ iye ìgbà tí a da ìwé ìròyìn náà padà fún un.

Gbòǹgbò kẹta ni pé ọ̀rọ̀ ni irinṣẹ́ iṣẹ́ náà, gbogbo ènìyàn ni ó sì ní ẹnu. Kò sí ẹni tí ó ní ọ̀bẹ oníṣẹ́-abẹ nínú ilé, nítorí náà ni a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún dókítà. Ṣùgbọ́n ta ni kò lè sọ̀rọ̀?

Kì í ṣe Nàìjíríà nìkan ni èyí wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ẹ̀kọ́ gíga tí a mọ̀ lónìí sí University of Westminster ni ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ oyè nínú ẹ̀kọ́ yìí, ní ọdún 1975. Ní 2003, Margaret Hodge, mínísítà tí ń bójú tó yunifásítì níbẹ̀, fi Mickey Mouse, èkúté inú àwòrán ọmọdé, pe àwọn oyè tí ó kà sí òfìfo. Nígbà tí àwọn ìwé ìròyìn ilẹ̀ náà bá sì ń ka irú oyè bẹ́ẹ̀, ìmọ̀ ìròyìn kì í pẹ́ jáde. Ó mà ṣe o: ìwé ìròyìn ni ó ń fi ẹ̀kọ́ nípa ìwé ìròyìn ṣẹ̀sín.

A kò gbọdọ̀ purọ́ sí i pẹ̀lú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé òfin ni wọ́n fẹ́ kọ́. Àwọn kan wà tí ìfẹ́ kí a rí wọn lórí tẹlifíṣàn ni ó gbé wọn wá. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wo ni kò ní irú wọn? Àwọn tí ó fẹ́ kọ́ ìṣègùn kún ẹ̀ka ìmọ̀ ohun ẹlẹ́mìí fọ́fọ́, ẹnikẹ́ni kò sì tìtorí rẹ̀ sọ pé ẹ̀kọ́ náà kò ní láárí.

OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ ILÉ

Ohun àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ náà ń kọ́ ni bí a ti ń dákẹ́. Yóò kọ́ bí a ti ń bèèrè ọ̀rọ̀ kí á sì jẹ́ kí ẹni tí a bi sọ̀rọ̀ tán. Yóò kọ́ láti fi gbólóhùn kan sọ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ibi tí ó ti ṣẹlẹ̀ àti ìgbà tí ó ṣẹlẹ̀, láìfi èrò tirẹ̀ lú u. Bí ó bá ṣi orúkọ ẹnì kan kọ, iṣẹ́ rẹ̀ padà sọ́dọ̀ rẹ̀. Ní Yunifásítì Èkó, Unilag Sun ni ìwé ìròyìn tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́. Ní Nsukka, The Record ni. Unilag FM wà ní Èkó, Diamond FM sì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí a bá ti sọ sínú afẹ́fẹ́, kò ṣe é kó padà. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ìwé wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìṣirò sì wà. Nígbà ìdìbò ààrẹ Amẹ́ríkà ní ọdún 1968, Maxwell McCombs àti Donald Shaw fi ọ̀rọ̀ wá ọgọ́rùn-ún olùdìbò lẹ́nu wò ní ìlú Chapel Hill, àwọn tí kò tí ì pinnu ẹni tí wọn yóò dìbò fún. Wọ́n tún ka ohun tí ìwé ìròyìn àti tẹlifíṣàn ń gbé jáde, wọ́n sì fi èkíní wé èkejì. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 1972, ọ̀rọ̀ tí àwọn oníròyìn gbé sókè ni àwọn olùdìbò náà kà sí ọ̀rọ̀ pàtàkì. Oníròyìn lè má lè pàṣẹ èrò fún wa, ṣùgbọ́n òun ni ó ń yan ohun tí a ó máa ro. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ọdún ìkẹyìn ń ṣe: yóò jókòó ti ìwé ìròyìn oṣù mélòó kan, yóò máa ka iye ìgbà tí obìnrin fara hàn àti ipò tí a fi í sí. Yóò wo àwọn eré orí tẹlifíṣàn, yóò bèèrè ìdí tí ó fi jẹ́ pé Hausa ni ó sábà ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà níbẹ̀, tí Ìjẹ̀bú sì jẹ́ ahun. Ẹni tí a ń fi èrò àdàkọ wò ni ó ń kọ́ bí a ti ń tú èrò àdàkọ.

Òfin tí wọ́n ní kò lè kọ́ náà kò yọ̀ǹda rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ìròyìn parí sí àti ibi tí ìbanilórúkọjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ mọ òfin ọdún 2011 tí ó fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè ìwé lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba, kí wọ́n sì dá a lóhùn láàrin ọjọ́ méje. Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pẹ̀lú pé iṣẹ́ náà léwu. Ní ọdún 1973, Minere Amakiri, akọ̀ròyìn Nigerian Observer, kọ ìròyìn nípa ẹ̀dùn ọkàn àwọn olùkọ́ ní Ìpínlẹ̀ Rivers. Ó bọ́ sí ọjọ́ ìbí gómìnà ológun. Wọ́n fá orí akọ̀ròyìn náà, wọ́n sì nà án ní ẹgba. Ní 1984, òfin ológun kẹrin rán Tunde Thompson àti Nduka Irabor ti The Guardian lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986, bọ́ǹbù inú ìwé pa Dele Giwa nínú ilé rẹ̀ ní Èkó. A kì í fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ aṣọ àti àtíkè.

OHUN TÍ ORÚKỌ NÁÀ Ń BÀ JẸ́

Àwọn obìnrin ni orúkọ yìí ń bá jà jù. Bí ọkùnrin bá gbé kámẹ́rà, a ní ó ń kọ́ iṣẹ́. Bí obìnrin bá gbé e, a ní ó ń wá ọkọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹlifíṣàn WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, ojú Aníkẹ́ Agbaje-Williams ni a kọ́kọ́ rí níbẹ̀, iṣẹ́ ni ó sì ń ṣe. Dóyìn Abíọ́lá kàwé ní Ìbàdàn, ó kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé ní New York, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ ní Nàìjíríà, ní National Concord. Ẹni tí ó bá sọ fún ọmọbìnrin pé ẹwà ni ó bá wá, ó ti dí ọ̀nà irú ìyá bẹ́ẹ̀ mọ́ ọn lójú.

Èdè wa náà ń pàdánù. Yorùbá ni Townsend fi bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròhìn, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìròyìn lónìí. Aláròyé àti àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò tí ń sọ Yorùbá ń fẹ́ àwọn tí ó lè túmọ̀ ọ̀rọ̀ ètò owó, ìdájọ́ àti àrùn tuntun fún ará ọjà láìṣì í. Bí olùkọ́ ilé-ìwé bá rí ọmọ tí ó mọ Yorùbá dáadáa, tí ó sì mọ bí a ti ń wádìí ọ̀rọ̀, tí ó wá sọ fún un pé kí ó má fi orí pípé ṣòfò ní Mass Comm, ọmọ náà nìkan kọ́ ni ó pàdánù. Àwọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni yóò máa gbọ́ ìròyìn lẹ́nu ẹni tí kò kọ́ ọ.

Èyí tí ó burú jù ni pé ẹni tí a ń pè lórúkọ kan lójoojúmọ́ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá gbà pé ẹ̀kọ́ òun kò ní láárí kò ní ṣí ìwé, kò ní wádìí ìròyìn, yóò sì jáde lọ máa tan irọ́ ká. Nígbà náà ni àwọn ẹlẹ́gàn yóò nawọ́ sí i pé àwọn ti wí bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, kí àwọn òbí àti olùkọ́ yẹ ilé wò kí wọ́n tó sọ ọmọ lórúkọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú má gbàgbé èkejì òwe náà. Ìwà ọmọ ní í sọ ọmọ lórúkọ.