Àwọn ARN Kéékèèké àti Dídàgbà Sẹ́ẹ̀lì inú Àtọ̀

Ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ kan náà, àtọ̀, ni a ń lò fún omi tí ó ń jáde lára akọ àti fún sẹ́ẹ̀lì tí ó wà nínú omi náà. Bẹ́ẹ̀ omi lè wà kí sẹ́ẹ̀lì má sí nínú rẹ̀. Ẹni tí ń kọ́ àgbà ní ìwé gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ la ìyàtọ̀ yìí kí ó tó sọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nínú kóró ẹpọ̀n.

Lára èkúté, ó ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35 kí sẹ́ẹ̀lì róbótó tó di èyí tí ó ní orí àti ìrù. Lára ènìyàn, ó lé ní oṣù méjì. Jíìnì ni ó ń pàṣẹ. ARN, èyí tí àwọn ìwé ilẹ̀ Nàìjíríà ń pè ní RNA, ni ó ń gbé àṣẹ náà lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ARN kéékèèké kan wà tí wọn kì í gbé àṣẹ kankan: àṣẹ mìíràn ni wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́. MíkíróARN wà káàkiri ara. PiARN, tí a rí ní 2006, ni ó fi kóró ẹpọ̀n ṣe ibùgbé jù lọ. Ẹ̀wọ̀n kúkúrú ni, nǹkan bí ẹyọ 24 sí 31.

Nínú ADN àwọn ẹranko afọ́mọlọ́mú, àwọn apá kan wà tí wọ́n lè ṣe ẹ̀dà ara wọn, kí wọ́n sì ki ẹ̀dà náà bọ àárín jíìnì tí ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Láti dá wọn dúró, piARN a so mọ́ púrótéènì tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ PIWI. A lè fi PIWI wé ọdẹ tí ń ṣọ́ ìlú lóru, kí a sì fi piARN wé àpèjúwe olè tí a fi lé e lọ́wọ́. ARN tí ó bá bá àpèjúwe náà mu, ọdẹ a gé e.

Ní 2002, kí a tó mọ piARN rárá, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà yọ ọ̀kan nínú àwọn PIWI, Miwi, kúrò lára èkúté. Sẹ́ẹ̀lì àwọn akọ dúró sí ìpele róbótó, kò hu ìrù; abo ń bímọ síbẹ̀. Ní 2021, a ròyìn àwọn ọkùnrin kan tí jíìnì PNLDC1, èyí tí ń gé etí piARN dọ́gba, bàjẹ́ lára wọn. Àtọ̀ wọn kò ní sẹ́ẹ̀lì.

Yorùbá ní àgàn fún obìnrin, ó sì ní akúra fún ọkùnrin tí kò lè bá obìnrin lò. Nínú méjèèjì, kò sí èyí tí ó bá àwọn ọkùnrin wọ̀nyí mu, bóyá ìdí nìyí tí ẹ̀bi fi máa ń yára bọ́ sórí ìyàwó. Nínú ìwé àwọn àgbà, “ọkùnrin tí àtọ̀ rẹ̀ kò ní sẹ́ẹ̀lì” gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a pè é ní akúra lọ.