Ṣé o mọ̀? Kòkòrò kan ló ń bá ọ̀pẹ Olúpọ̀nnà so ẹyìn

Ọ̀pẹ inú oko Olúpọ̀nnà, nítòsí Ìwó, kò lè dá so. Igi kan náà ló ń yọ akọ òdòdó àti abo òdòdó, ṣùgbọ́n kì í sábà jẹ́ lásìkò kan náà. Atẹ́gùn ń gbé lẹ́búlẹ́bú akọ lọ bá abo níwọ̀nba, àmọ́ ọ̀gá alárinà ni kòkòrò kan tí kò gùn tó hóró ìrẹsì, Elaeidobius kamerunicus. Orí akọ òdòdó ló ń gbé: ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ń yé sí, èyí tó bá sì ti rọ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ dàgbà. Abo òdòdó kò ní nǹkan kan fún un. Òórùn tó jọ ti akọ ló fi ń tàn án wá (ẹ ò rí i pé igi náà gbọ́n!), lẹ́búlẹ́bú ara kòkòrò á sì dà sí i lórí.

Nígbà tí wọ́n gbé ọ̀pẹ wa lọ sí Màléṣíà, wọn ò gbé kòkòrò yìí dání. Ọwọ́ ni ọ̀pọ̀ oko fi ń da lẹ́búlẹ́bú sórí òdòdó, títí di ọdún 1981 tí wọ́n kó kòkòrò náà láti Kamẹrúùnù lọ síbẹ̀.