Orúkọ Ìkẹ́ Tí Ìyàwó Ilé Ń Fún Ẹbí Ọkọ: Àkíyèsí Láti Ìkirè àti Apòmù



Ìyá kan wà nínú agbo-ilé wa ní Ìkirè, àbúrò bàbá mi àgbà, tí gbogbo wa ń pè ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Dòdò ni ó ń tà létí títì tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀. Nígbà tí ó kú, àwa ọmọ jókòó láti tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tí ó mọ orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́. Ìyàwó ilé kan, ọmọ Apòmù, tí ó ti lé ní ọdún 80, mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kò jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ dá a. Ó ní kí a ṣí àpótí olóògbé, kí a wo ìwé ìrìbọmi rẹ̀. Ìyàwó yìí ju olóògbé lọ ní ọjọ́ orí. Kí ni ó wá dí i lẹ́nu?

Ìlànà tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà kò ṣòro. Ọjọ́ tí a gbé ìyàwó wọlé ni a fi ń ka ipò rẹ̀ nínú ilé ọkọ. Gbogbo ọmọ tí a ti bí sílé ṣáájú ọjọ́ náà, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n, ọkùnrin àti obìnrin wọn. Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí ṣe àlàyé èyí nínú ìwé rẹ̀, The Invention of Women (1997). Ìyàwó kò gbọdọ̀ pe ọkọ ní orúkọ àbísọ, bẹ́ẹ̀ ni kò lè ṣe kí ó má pe ènìyàn. Nítorí náà ni ó ṣe ń dá orúkọ tirẹ̀ sílẹ̀. Ní agbègbè tí ọjà Apòmù ti ń kó ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú jọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ìyàwó lè jẹ́ àlejò pátápátá. Orúkọ tí ó dá ni ó fi ń wá ojú rere ilé.

Ẹ jẹ́ kí á wo bí a ṣe ń ṣẹ̀dá wọn. Àwọn kan jẹ́ àkànpọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ méjì: ìbàdí àti àrán fún wa ní Ìbàdíàrán, ìdí àti ìlẹ̀kẹ̀ fún wa ní Ìdílẹ̀kẹ̀. Àwọn kan jẹ́ odidi gbólóhùn: Eyínfúnjowó ni ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju owó lọ. Owó ẹyọ ni owó tí à ń wí. A kò ná an mọ́, ṣùgbọ́n orúkọ náà kò gbàgbé rẹ̀. Àwọn mìíràn gba àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-: Adúmáradán fún adúláwọ̀ tí ara rẹ̀ ń dán, Agùntáṣọọ́lò fún ẹni tí ó ga tó ẹni tí aṣọ yẹ.

Kí á má ṣe da ìwọ̀nyí pọ̀ mọ́ oríkì àbísọ bíi Àbẹ̀kẹ́ àti Àjàní, tí Samuel Johnson sọ̀rọ̀ nípa irú wọn nínú The History of the Yorubas (1921). Òbí ni ó ń fún ọmọ ní oríkì, ohun tí wọ́n là kọjá tàbí ohun tí wọ́n ń retí ni ó sì wà nínú rẹ̀. Ohun tí ìyàwó fi ojú ara rẹ̀ rí ni ó ń sọ di orúkọ.

Ìfẹ́ inú ẹbí kò gba ọ̀nà kan náà nínú gbogbo èdè. Nínú èdè Spéènì, àfòmọ́ ìparí tí ó ń sọ nǹkan di kékeré ni a sábà fi ń kẹ́ ènìyàn: abuela, ìyá àgbà, yóò di abuelita, hijo, ọmọkùnrin, yóò di hijito. Tiwa ń gbé ènìyàn ga ni: ọmọdé ń jẹ́ ọkọ mi, ó ń jẹ́ bàbá mi. Síbẹ̀ a pàdé níbì kan, nítorí pé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a ti ń sọ èdè Spéènì, ìyá a máa pe ọmọkùnrin rẹ̀ kékeré ní papi, èyí tí í ṣe bàbá.

Lónìí, Brọ̀dá àti Àǹtí ni ọ̀pọ̀ ìyàwó fi ń pe ẹbí ọkọ. Èmi kò bá wọn wíjọ́. Ọ̀wọ̀ wà nínú rẹ̀, ipò sì hàn. Ṣùgbọ́n Àǹtí mẹ́wàá lè wà nínú ilé kan, orúkọ náà kò sì ní sọ fún wa èwo ni eyín rẹ̀ funfun. Bí àwọn ìyàwó àgbà ṣe ń lọ, ohun tí wọ́n rí lára àwọn ènìyàn wa ń bá wọn lọ.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí olúkúlùkù wa jókòó ti àwọn ìyá ilé rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ìkẹ́ àti orúkọ àbísọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ó sì kọ ẹni tí ó dá a àti ìdí tí ó fi dá a. Ní tiwa, orúkọ méjèèjì ni a tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú náà. Nígbà tí a ka orúkọ ti inú ìwé ìrìbọmi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wo ojú ara wọn. Nígbà tí a ka Ìdílẹ̀kẹ̀ ni ẹkún sọ.