Òkè Tí Kò Ní Ọ̀nà

Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí ọyẹ́ bá ti wọlé dé Tchaourou, eruku fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bo ewé igi, òrùlé ilé àti ojú àwọn àpáta wa. A ń gbá a, a ń nù ún, a sì ń wúkọ́ nítorí rẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ nínú wa ni ó ń béèrè ibi tí ó ti wá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti Bodélé, ní orílẹ̀-èdè Tchad, nínú kòtò ilẹ̀ gbígbòòrò kan tí ó jẹ́ ìsàlẹ̀ adágún láyé àtijọ́. Afẹ́fẹ́ a máa fún ara rẹ̀ gba àárín àwọn òkè Tibesti àti àwọn òkè Ennedi, a máa ha erùpẹ̀ náà nílẹ̀, a sì máa gbé e la ilẹ̀ púpọ̀ kọjá títí dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí ó bá fi àtẹ́lẹwọ́ nu orí àpáta kan ní agbègbè Kilibo ní àkókò yìí, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé erùpẹ̀ ẹsẹ̀ òkè aṣálẹ̀ ni ó ń nù, láìmọ̀.

A mú ọ̀rọ̀ láti ibẹ̀ nítorí pé àwọn ọ̀dọ́ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn òkè gígùn. Ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n á kó ara wọn jọ lórí alùpùpù, wọ́n á wá àpáta kan tí ó ga, wọ́n á gùn ún, wọ́n á ya fọ́tò lórí rẹ̀. Inú wa dùn sí i, nítorí ọmọ tí ó gun òkè ìlú rẹ̀ sàn ju ọmọ tí kò mọ̀ ju òpópónà ọ̀dà lọ. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń kọ wá lóminú: púpọ̀ nínú wọn rò pé òkè tí kò ní ọ̀nà kò ní òfin.

Ní Sàhárà, irú òkè bẹ́ẹ̀ pọ̀ rẹpẹtẹ. Emi Koussi ní Tibesti ni ó ga jù lọ nínú wọn, ó lé ní 3,400 mítà. Ní Niger, aládùúgbò wa, Idoukal-n-Taghès ní agbègbè Aïr ga tó 2,022 mítà. Ní orí irú àwọn òkè wọ̀nyí, ibi tí kò sí pátákó atọ́nà, tí kò sí àmì ọ̀dà lára òkúta, tí afẹ́fẹ́ sì ti pa ipasẹ̀ àná rẹ́, ẹni tí ń gòkè ní láti fi ojú wá ibi tí ẹsẹ̀ yóò gbà. Níbi tí ẹsẹ̀ nìkan kò bá ti ká a, yóò fi ọwọ́ kún un, yóò sì máa rá gun òkúta bí alángbá.

Ní 1935, àwọn Faransé méjì kan, Roger Frison-Roche àti ọ̀gágun Raymond Coche, gun Garet el Djenoun ní agbègbè Hoggar, ní Àlgéríà. Orúkọ òkè náà túmọ̀ sí òkè àwọn àlùjọ̀nnú. Bí a ṣe sábà máa ń gbọ́ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nílé-ẹ̀kọ́, ńṣe ni ó dà bí ẹni pé òkè náà wà níbẹ̀ láìní olúwa títí àlejò fi dé. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀. Orúkọ yẹn fúnra rẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí. Àwọn tí wọ́n sọ òkè ní orúkọ àlùjọ̀nnú ti wò ó fún ìgbà pípẹ́, wọ́n ti díwọ̀n rẹ̀, wọ́n sì ti pinnu pé ibi tí ènìyàn kò gbọdọ̀ fi ojú kékeré wò ni. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni àwọn bàbá wa sọ nígbà tí wọ́n ní òkè kan ní òrìṣà nínú?

Òkè tiwa kò ga. Sokbaro, tí a sábà máa ń kà sí èyí tí ó ga jù ní gbogbo orílẹ̀-èdè Benin, kò kọjá 658 mítà, Atakora ni ó sì wà, kò sí lọ́dọ̀ wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti Tchaourou sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ṣábẹ, tí àwọn Faransé ń pè ní Savè, nǹkan bí 100 kìlómítà ní ẹ̀gbẹ́ ojú irin Cotonou sí Parakou, yóò rí ohun kan tí ó yà á lẹ́nu. Ilẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, ọ̀dàn àti oko iṣu àti igi kájú ló wà lọ́tùn-ún lósì, lẹ́yìn náà lójijì, àpáta kan yọ gàgàrà láti inú ilẹ̀ láìsí ìkìlọ̀. Orúkọ tí a fi kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ ni "inselberg", ọ̀rọ̀ àwọn ará Jámánì tí ó túmọ̀ sí òkè tí ó dúró bí erékùṣù láàárín omi. Gíga rẹ̀ lè má ju 100 tàbí 200 mítà lọ. Ẹni tí ó bá ti ibi 30 mítà já bọ́ sórí òkúta kò ní bèèrè bóyá Hoggar ni tàbí Ṣábẹ.

Kí àpáta náà sì tó ga, aṣálẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ àwàdà kọ́. Òjò tí ń rọ̀ sí Tchaourou láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá kì í dúró lórí rẹ̀. Ó ń ṣàn lọ kíákíá, òkúta á sì tún gbẹ kí oòrùn tó yí. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, ojú àpáta gbóná ju afẹ́fẹ́ lọ fíìfíì, tí ẹni tí ó bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e á tètè gbé e kúrò. Koríko kan wà tí ń hù lórí rẹ̀ ní ìdì-ìdì, tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Afrotrilepis pilosa. Ní ìgbà ẹ̀rùn, ó máa ń rọ, á sì pọ́n bí ohun tí iná ti jó. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti fọwọ́ kàn án, á tún padà di tútù. Irú ewéko tí ń kú tí ń jí bẹ́ẹ̀ ni ó lè gbé ibẹ̀. Àwa ènìyàn kò ní irú agbára yẹn, nítorí náà omi ni a gbọ́dọ̀ gbé lọ́wọ́.

Ọdẹ àgbà kan wà ní agbègbè wa tí ó ti ń mú àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gun àpáta. A kò ní dárúkọ rẹ̀, kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. A ti tẹ̀ lé e lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ohun tí a sì rí lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nínú ìwé kankan tí wọ́n fi kọ́ wa. Lọ́jọ́ kan, a dé ìdí àpáta ní kùtùkùtù, àwọn ọmọ sì ti ń sáré lọ fọwọ́ kàn án. Bàbá ní kí wọ́n padà wá jókòó.

"Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kò tíì kí i."

Àwọn ọmọ rò pé ètùtù kan ni ó fẹ́ ṣe. Ohun tí ó ṣe ni pé ó mú wọn yí òkè náà po, ó gbà wá ju wákàtí kan lọ, ó sì ń dá dúró ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tí ó ń wò ó. Ibi tí omi ti ń ṣàn ní ìgbà òjò dúdú nítorí èéhù tí ó lẹ̀ mọ́ ọn; bí ó bá tutù díẹ̀, yóò yọ̀ bí ilá. Ibi tí igi kékeré ti hù láàárín òkúta, àlàfo wà níbẹ̀ tí ọwọ́ lè dì mú, ṣùgbọ́n ejò pẹ̀lú mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ibi tí àwọn kòkòrò ń fò wọlé fò jáde ní pálapàla àpáta, oyin ni. Ó yà sápá ibòmíràn pátápátá nítorí oyin yẹn. Òwe wa ní ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Bàbá rẹ́rìn-ín nígbà tí ọmọ kan pa òwe yẹn fún un, ó ní ẹni tí ó pa á kò tíì rọ̀ mọ́ ara òkúta rí nígbà tí oyin jáde. Nílẹ̀, ènìyàn lè sá. Lára àpáta, níbo ni yóò sá sí?

Nígbà tí a wá bẹ̀rẹ̀ sí í gùn, ó ń fi ìkúùkù kan àwọn òkúta pẹlẹbẹ kí ó tó gbé ara lé wọn. Irú àpáta wa yìí máa ń bó ní ìpele-ìpele bí èèpo àlùbọ́sà, nítorí ìwúwo ilẹ̀ tí ó ti kúrò lórí rẹ̀ láti ayébáyé, àti nítorí ooru ọ̀sán àti òtútù òru. Ìpele tí ó ti ya kúrò lára ìyá rẹ̀ máa ń dún gbogbo bí ìkòkò òfìfo. Èyí tí ó ṣì lẹ̀ mọ́ ọn kì í dún. Ọmọ tí kò mọ èyí lè di òkúta tí ó tóbi ju tábìlì lọ mú, kí òun àti tábìlì jọ sọ̀ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ti ọwọ́ àti ẹsẹ̀: nínú mẹ́rin, mẹ́ta gbọ́dọ̀ máa di òkúta mú nígbà gbogbo, ẹyọ kan ṣoṣo ni kí ó máa rìn. Àwọn tí ń gun òkè ní ilẹ̀ Faransé náà ń kọ́ ọmọ wọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó kọ́ Bàbá, bàbá rẹ̀ ni.

Èyí tí ó le jù fún àwọn ọmọ láti gbọ́ ni ti ìsọ̀kalẹ̀. Ènìyàn ń fi ojú gòkè, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó fi ń sọ̀, ẹsẹ̀ ni ó sì ń lọ ṣáájú ojú. Nítorí náà, ibi tí ènìyàn gùn pẹ̀lú ẹ̀rín ní agogo mẹ́jọ lè dá a dúró ní agogo mẹ́wàá. Àṣẹ Bàbá ni pé bí o bá ti gun ìwọ̀n ènìyàn kan, kí o gbìyànjú láti sọ̀ ọ́ padà kí o tó gun ìwọ̀n kejì. Ọmọkùnrin kan tí ó lágbára gan-an gbìyànjú rẹ̀, kò rí i ṣe, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú wa ní ìsàlẹ̀ láìjiyàn. Àwa mọ iye ìgboyà tí ó gba ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún láti dúró níṣojú àwọn ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀.

Bàbá tún ń wẹ̀yìn. Ní ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá mẹ́wàá, á yí padà, á wo ibi tí a ti wá, nítorí pé ojú tí òkè fi ń pàdé ẹni kọ́ ni ó fi ń sin ẹni. Nínú ọyẹ́, ó ṣe pàtàkì jù bẹ́ẹ̀ lọ: eruku lè bo òkè kejì àti òpó ẹ̀rọ fóònù tí a fi ń mọ ìhà tí ìlú wà. Oòrùn wa kì í pẹ́ wọ̀ pẹ̀lú. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, ó ń wọ̀ kí agogo méje tó lù, ilẹ̀ á sì ṣú láàárín ìdajì wákàtí. Kò sí ìrọ̀lẹ́ gígùn bíi ti Yúróòpù nínú èyí tí ènìyàn lè máa wá ọ̀nà.

Ta ni ó kọ́kọ́ nílò irú ìmọ̀ yìí? Kì í ṣe ẹni tí ń ṣeré. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí ogun Dahomey ń kó àwọn ènìyàn Ṣábẹ àti ti Ìdáàṣà lẹ́rú, orí àwọn òkè wọ̀nyí ni àwọn babańlá wa ń sá sí. Ẹni tí ń sá fún ogun kì í la ọ̀nà tí ogun yóò gbà tẹ̀ lé e. Àìsí ọ̀nà ni odi wọn. Ẹ̀gbá náà rí ààbò lábẹ́ Olúmọ ní 1830, àwọn ará Ìdànrè sì tẹ̀ ìlú wọn dó sórí àpáta, wọ́n ń gbé ibẹ̀ títí wọ ọ̀rúndún ogún. Ní Atakora, inú òkè ni Kaba ti bá àwọn Faransé jagun ní 1916 sí 1917, nítorí ọmọ-ogun rẹ̀ mọ ibi tí ẹsẹ̀ ń gbà, ti àwọn ọ̀tá kò sì mọ̀ ọ́n. Lónìí, àtẹ̀gùn tí ó lé ní 600 ni a ń gùn dé orí òkè Ìdànrè. Ó dára fún àwọn àgbà àti àwọn àlejò. Síbẹ̀, inú wa dùn pé kò sí irú rẹ̀ lọ́dọ̀ wa, nítorí ẹni tí ó gun àtẹ̀gùn ń ka iye ìgbésẹ̀ ni, kì í ka òkè.

Nǹkan méjì ni ó ń gba ìmọ̀ yìí lọ́wọ́ wa. Èkíní ni òòlù. Ní agbègbè Collines, àwọn ìyá wà tí wọ́n ń fọ́ òkúta láti òwúrọ̀ títí di alẹ́, tí wọ́n ń tà á fún àwọn tí ń kọ́ ilé àti àwọn tí ń ṣe títì. A kò ní bá ìyá tí ń fi òkúta bọ́ ọmọ wí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń pinnu pé àpáta báyìí ni kí a fọ́, kí a sì fi tọ̀hún sílẹ̀? Bí kò bá sí ẹni tí ó lè dìde kí ó sọ pé èyí ní orúkọ, èyí ni ibi tí àwọn ìyá ńlá wa sá sí, gbogbo rẹ̀ yóò di ẹrù ọkọ̀ akẹ́rù.

Èkejì ni orúkọ náà gan-an. Lórí àwòrán ilẹ̀ tí àwọn Faransé yà, tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 1/200 000, sẹ̀ǹtímítà kan dúró fún kìlómítà méjì. Àpáta tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 300 mítà kò ju mìlímítà kan àtààbọ̀ lọ níbẹ̀, ó kéré ju hóró ìrẹsì lọ, púpọ̀ nínú wọn kò sì ní ju nọ́ńbà lọ. Orúkọ wọn wà lẹ́nu àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran. Bàbá ní orúkọ fún gbogbo èyí tí a ti gùn, àní ó ní orúkọ fún apá kọ̀ọ̀kan lára wọn, ó sì ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àwọn ọmọ kíláàsì wa mọ "dalle", wọ́n mọ "éboulis", wọ́n mọ "versant". Nígbà tí a ní kí wọ́n pè wọ́n ní Yorùbá, wọ́n ní òkúta, òkúta, òkúta.

Nítorí náà ni a fi bẹ̀rẹ̀ ìwé kan pẹ̀lú wọn, òpó méjì lójú ewé: Yorùbá ní apá òsì, Faransé ní apá ọ̀tún, àwòrán òkè náà lábẹ́ wọn bí wọ́n ṣe fi ọwọ́ ara wọn yà á. Àpáta mẹ́fà ni ó wà nínú rẹ̀ títí di ìsinsìnyí. Ní oṣù Èrèlé, kí ọyẹ́ tó lọ tán, a ó lọ sí ìkeje, gbogbo ọ̀dọ́ tí ó bá fẹ́ lè bá wa lọ bí òbí rẹ̀ bá gbà. Agogo mẹ́fà àárọ̀ ni a ó gbéra. Kí olúkúlùkù mú lítà omi mẹ́ta, bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ rọ́bà, bírò kan àti ìwé tí kò ní ìlà. Fóònù kan ṣoṣo ni a ó gbé, ti pàjáwìrì, àpò wa ni yóò sì wà. Kí ẹnikẹ́ni má fi lọ́fínńdà para, nítorí oyin. Wákàtí àkọ́kọ́, Bàbá ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, yíyí òkè po ni.