Ṣé Ìdánwò Orí Íntánẹ́ẹ̀tì Lè Sọ Ìwà Ẹni Tí A Fẹ́ Fẹ́?

Àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń wá ọkọ tàbí aya ti ń fi èsì ìdánwò ìwà ránṣẹ́ síra wọn báyìí. Lẹ́tà mẹ́rin péré, bíi INFJ tàbí ESTP, wọ́n á ní ìwà àwọn nìyẹn.

Isabel Briggs Myers àti ìyá rẹ̀ ló ṣe ìdánwò yìí ní Amẹ́ríkà. Ó pín ọmọ aráyé sí oríṣi 16. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ló ń bọ́ sí oríṣi mìíràn. Òṣùwọ̀n wo ló ń rí bẹ́ẹ̀?

Kí ló dé tó fi ń jọ òótọ́? Ní 1948, olùkọ́ kan, Bertram Forer, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìdánwò, ó sì fún kálukú lésì. Tá a bá pín máàkì tí wọ́n fún èsì náà dọ́gba, ó ju 4 lọ nínú 5. Àṣé ọ̀rọ̀ kan náà ló kọ fún gbogbo wọn, inú ìwé awòràwọ̀ ló ti ṣà á!

Èyí tí àwọn onímọ̀ gbẹ́kẹ̀ lé jù ni Big Five, tó ń wo ìwà márùn-ún, bóyá ó pọ̀ lára ẹni tàbí ó kéré. Òun náà ní àléébù: ẹni tó ń wá aya kò ní sọ pé onínúfùfù lòun. Ìdí nìyí tí àwọn olùwádìí fi ń bi àwọn tó mọ ẹni náà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má pa ìwádìí tì. Ẹ bi aládùúgbò, ẹ bi ẹni tí wọ́n jọ ṣòwò bó ṣe ń san gbèsè.